Omi Inú Ọkọ̀ Àbúrò Mi

Ní ilé wa n'Ísàlẹ̀ Èkó, bí o bá wọlé tí ẹnikẹ́ni ò gbé omi fún ọ, yáa bi ara rẹ léèrè ohun tí o ṣe. Omi la fi ń kí èèyàn ká tó bèèrè pé báwo nilé, báwo lọ̀nà. Bí wọ́n bá sì gbé e fún ọ, o ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Bí òùngbẹ ò bá tiẹ̀ gbẹ ọ́, fẹnu kàn án, gbé e kalẹ̀, kó o dúpẹ́. Màámi ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, tìgbátí tìgbátí nígbà míì. Nítorí náà, nígbà tí Màámi yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ omi ọmọ wọn, tí wọ́n kọ̀ ọ́ lónìí, tí wọ́n tún kọ̀ ọ́ lọ́la, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ni mi ò mọ̀.

Àwa méjì péré ni Màámi bí. Èmi làgbà, àbúrò mi ọkùnrin ló tẹ̀ lé mi. Ó lọ sí ìlú òyìnbó nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó wa bọ́ọ̀sì akérò níbẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì, irùngbọ̀n náà sì ti funfun kí á tó fojú kan ara wa padà. Nígbà tí bàbá wa kú, ìwé rẹ̀ lọ́hùn-ún ò tíì pé, kò lè jáde. Orí fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe ń gbé òkú bàbá wa jáde nílé. Èmi ni mo di fóònù náà mú. Àbúrò mi ń pariwo pé, "Àǹtí mi, ẹ gbé e sókè díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rí wọn." Mi ò lè gbàgbé ohùn yẹn láéláé. Màámi náà gbọ́ ọ níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìgbà tó wá fẹ́ wálé nígbẹ̀yìn, ó ní òun ti fi ọkọ̀ ránṣẹ́ lójú òkun, pé ká máa retí rẹ̀. A rò pé jíípù ni, bíi ti àwọn ọmọ ẹlòmíì. Háà! Ọjọ́ tó wà á dé láti èbúté, gbogbo àdúgbò ló tú síta. Ọkọ̀ gàgàrà kan ni, ó funfun, wọ́n sì kọ́ ilé sínú rẹ̀ lóòótọ́: bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, síńkì tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ibi ìwẹ̀ tí èèyàn ò lè na apá níbẹ̀, àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì kékeré kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò lè gba iwájú ilé wa kọjá. Ẹ̀yìn ló gbà, ó wá gúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbi tí ilé àwọn ẹbí wa kan wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó wó o. Ìyá àgbà kan tó ń gbé lódìkejì fà mí sẹ́yìn, ó bi mí ní jẹ́jẹ́ pé ṣé ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn ni.

Mo ní rárá, ilé àbúrò mi ni.

Ó ní, "Ilé kẹ̀? Nígbà tí ilé bàbá rẹ̀ rèé?"

 Òótọ́ ni pé yàrá àbúrò mi nínú ilé ti kún. Aṣọ léèsì ni mò ń tà l'Ọ́jà Balógun, ibẹ̀ ni mo sì ń kó ọjà mi pa mọ́ sí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo sọ fún un pé kí ó fún mi láàyè kí n palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Àǹtí mi. Inú ọkọ̀ tẹ́ mi lọ́rùn." Ó ní òun kàn fẹ́ fi ìgbà òjò sinmi lọ́dọ̀ wa ni. Bí òjò bá dáwọ́ dúró tán, òun á máa wa ọkọ̀ náà lọ, láti Kùtọnù dé Lómè, dé Gánà, dé ibi tí ọ̀nà bá parí sí. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn tó bá ti fẹ̀yìn tì lọ́hùn-ún ṣe ń gbádùn ayé wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mo wo ojú Màámi. Wọ́n ń ka tẹ̀súbáà wọn, ojú wọn wà nílẹ̀.

Omi inú ọkọ̀ náà ló fi ń yangàn jù. Tánkì ńlá kan ló wà lábẹ́ ìjókòó, ike ni wọ́n fi ṣe é, ẹnu tí wọ́n ń gbà rọ omi sí i wà lára ọkọ̀ níta, ó ní ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́. Pọ́ǹpù kékeré kan ló ń fa omi náà. Bí o bá ti yí ẹnu ẹ̀rọ tó wà lórí síńkì, pọ́ǹpù á máa kùn, húùùn, omi á sì jáde. Àbúrò mi á yí i, á tì í, á tún yí i, bí ẹni pé òun gan-an ló ṣe omi.

Ó ní, "Àǹtí mi, omi yìí mọ́ ju píọ̀ wọ́tà yín lọ."

Mo gbà á, mo mu ún. Ká má purọ́, ó ń rùn. Kì í ṣe òórùn ìdọ̀tí o, òórùn ike ni, bí omi tó sùn nínú kẹ́ẹ̀gì tuntun tí oòrùn sì pa. Mo gbé e mì, mo dúpẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó wá bu omiiran sínú kọ́ọ̀bù tó dára jù tó ní, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e lọ fún Màámi lórí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ilé. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ mu omi ilé mi."

Màámi wo kọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ní, "Mo ti mu omi."

Wọn ò fẹnu kàn án. Wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ gbà á. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó mu omi náà fúnra rẹ̀ kó má bàa ṣòfò, ṣùgbọ́n èmi tí mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń padà lọ sídìí ọkọ̀, mo rí i pé ó dùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní ọ̀la rẹ̀. Ní ọ̀tunla, ó pè wọ́n pé kí wọ́n wá wo inú ọkọ̀ náà. Wọ́n ní orúnkún ń dùn wọ́n, àwọn ò lè gun àtẹ̀gùn. Orúnkún tó ń gbé wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí láràárọ̀!

Nígbà tó yá, ó wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní Balógun. Ó jókòó sórí ìdì aṣọ. Ó wá ní, "Àǹtí mi, ṣé Màámi ṣì ń bínú sí mi nítorí Bàbá ni?"

Mo ní, "Ìwọ, sinmi àròjinlẹ̀. Omi rẹ ló ń rùn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn pé omi ló ń rùn. Èmi náà gba ohun tí mo sọ gbọ́ tọkàntọkàn, torí Màámi ò kó omi ṣeré. Àmù wọn wà ní igun pálọ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ní fíríìjì. Kànrìnkàn àti yanrìn ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ife tó fi mu tíì bọ inú rẹ̀, ogun dé nìyẹn. Mo ní èèyàn tó mọ adùn omi báyìí, kí ló fẹ́ fi omi tánkì ṣe? Mo pinnu pé a máa fọ tánkì náà títí tí Màámi ò fi ní rí àwáwí kankan.

Bí wọ́n ṣe ń fọ irú tánkì bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ ni fún mi. Mo ń rò ó pé ṣe la máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àbúrò mi ní rárá. Ó tú gbogbo omi tó wà nínú rẹ̀ dànù láti ihò kan lábẹ́ ọkọ̀. Ó po omi àti bílíìṣì díẹ̀ pọ̀, ó rọ ọ́ sí i, kò jẹ́ kó kún tán. Ó wá ní kí n gun ọkọ̀.

Mo ní, "Láti lọ síbo?"

Ó ní, "Ká mì í. Bí ọkọ̀ bá ń já sí kòtò, omi náà á máa fò kan òrùlé tánkì, á fọ gbogbo ara rẹ̀."

Mo ní bó bá jẹ́ kòtò nìkan ló ń wá, ìlú wa ò ní já a kulẹ̀. Bí a ṣe wa omi bílíìṣì lọ dé Lafiaji nìyẹn o. Mo jókòó síwájú bí ìyàwó tuntun, omi ń ṣe gbàlàù gbàlàù lẹ́yìn wa, ẹnu àwọn èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà là sílẹ̀. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́, àbúrò mi á ní, "Alihamudulilai!" á sì wọ̀ ọ́. Ẹ̀rín pa mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ó ti pẹ́ jù tí èmi àti ọmọ yìí ti jọ rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí pé òjò ọdún náà ti fẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró.

Nígbà tí a dé ilé, ó wọ inú ọkọ̀ lọ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ. Èmi dúró níta níbi tí omi síńkì ń gbà jáde. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbóòórùn omi tó ń jáde, ká lè mọ̀ bóyá bílíìṣì ti dé inú àwọn ẹ̀rọ náà. A ti ẹnu ẹ̀rọ padà, a jẹ́ kí bílíìṣì náà sùn nínú tánkì mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, a ń rọ omi sí i, a ń dà á nù, a ń rọ ọ́, a ń dà á nù, omi tí à ń rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà tó ń ti ọmọlanke omi rẹ̀ kọjá láàárọ̀, torí omi kànga ilé wa níyọ̀ lẹ́nu. Mẹ́rúwà náà bi mí pé ṣé ẹja la fẹ́ sìn níbẹ̀ ni. Nígbà tí òórùn tán pátápátá, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìrọ ìkẹyìn, torí mi ò gbà kí bílíìṣì òyìnbó nìkan ṣe iṣẹ́ náà tán. Mo bu omi náà mu. Kò rùn mọ́. Bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi àmù, mi ò lè dá a mọ̀.

Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ fún Màámi. Mo ní, "Ó ti mọ́. Ẹ tọ́ ọ wò."

Wọ́n ní, "Mo ti mu omi."

Inú bí mi. Èmi kì í ṣe onísùúrù, ẹni tó bá ti bá mi ná ọjà rí á jẹ́rìí sí i. Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ nà mí nítorí pé mo kọ omi ilé aládùúgbò nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Omi ọmọ yín rèé! A ti pa ara wa lórí tánkì yìí láti àná. Kí ló tún ń ṣe omi náà?"

Wọ́n ní kí n rọra sọ̀rọ̀. Wọ́n wẹ̀yìn bóyá àbúrò mi wà nítòsí. Wọ́n ní, "Omi ò ṣe nǹkan kan. Ilé tó ní táyà, ilé ìlọ ni. Bí mo bá mu omi níbẹ̀, mo ti gbà pé ibẹ̀ nilé rẹ̀ nìyẹn. Mi ò gbà."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi ń fọ tánkì, ìyá mi ń ronú ikú. Torí wọ́n sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní àwọn ti dàgbà, àwọn sì mọ̀ pé kò kù púpọ̀. Wọ́n ní àwọn rí ojú bàbá wa lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kú, bí bàbá ṣe ń wo ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà, títí ojú wọn fi pa dé. Wọ́n ní, "Èmi ò fẹ́ wo ẹnu ọ̀nà."

Mo jókòó tì wọ́n sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un. Ó máa dúró."

Wọ́n ní, "O ò gbọdọ̀ sọ fún un. Ọmọ tí èèyàn bá bẹ̀ kó dúró, ojú tì í ni kò jẹ́ kó lọ. Kó dúró torí pé ó wù ú."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè é sínú yàrá wọn. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ funfun ni wọ́n fi dì í. Omi sámúsámù ni, tí àwọn àti bàbá wa jọ gbé bọ̀ láti Mẹ́kà nígbà tí wọ́n lọ háájì. Èmi mọ kẹ́ẹ̀gì náà dáadáa. Nínú rẹ̀ ni mo ti rẹ òwú tí mo fi kán omi sẹ́nu bàbá wa ní wákàtí ìkẹyìn. Èyí tó kù nísàlẹ̀, Màámi ti sọ fún mi tipẹ́ pé tiwọn ni, fún ọjọ́ ìkẹyìn tiwọn. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò, bí ara rẹ̀ ò bá tiẹ̀ yá. Àwọn alùfáà wa a sì máa sọ pé ohun tí èèyàn bá ní lọ́kàn tó fi mu omi sámúsámù, òun náà ni Ọlọ́run máa fi fún un. Mo mọ ohun tí Màámi fẹ́ kó ní lọ́kàn.

Wọ́n bu díẹ̀ fún un. Àbúrò mi gbé ife náà sójú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó bí dókítà. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú o. Omi yìí ti pẹ́ jù nínú ike. Lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún, wọn ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni mu ún."

Ó rọra gbé e kalẹ̀. Kò ní ìkà nínú, ohun tó mọ̀ ló sọ. Ṣùgbọ́n "lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún" yẹn! Mo rí i bó ṣe wọ Màámi lára. Wọ́n dá omi náà padà sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n dé e, wọ́n dì í. Ẹ wá wo ìyá àtọmọ: èyí ò mu omi tọ̀hún, tọ̀hún ò mu omi tèyí, èmi tí mo wà láàárín ni mo ń mu tọ̀tún tòsì. Mo fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, kò bò.

Lẹ́yìn ìgbà náà, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Ó tẹ́ máàpù sílẹ̀ lórí tábìlì kékeré inú ọkọ̀. Kò sí ẹni tó ní láti ka ìyẹn fún wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ràn dáadáa, ó ní òun fẹ́ lọ gẹ irun ní Lafiaji. Kò tíì rìn jìnnà tí Màámi fi pè mí. Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, kẹ́ẹ̀gì wà lábẹ́ apá wọn.

Wọ́n ní, "Níbo lẹ ti ń rọ omi sí i?"

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Màámi! Èyí tí ẹ tọ́jú fún ara yín? Kí la máa fi..." 

Wọ́n ní, "Èmi ni mo ni ín. Bí kò bá mu èyí tó wà nínú ife, á mu èyí tó wà nínú tánkì rẹ̀. Bí omi sámúsámù bá kan omi míì, ìbùkún rẹ̀ á ràn án. Èmi ni mo máa ní in lọ́kàn bá a. Ṣí i."

Mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Mo ṣí i. Wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ sí i, wọ́n gbọn kẹ́ẹ̀gì náà kí ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn bàa lè jáde. Ẹnu wọn ń mì lórí àdúrà.  Mo dé e padà, mo tì í.

A wá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan. Àbúrò mi dé, orí rẹ̀ ń dán, ó kí wa, ó wọ inú ọkọ̀ lọ. A fetí sílẹ̀. Kò pẹ́, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Húùùn.

Màámi di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ó ń mu ún."

Pọ́ǹpù dákẹ́. Ó tún kùn, èyí pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n ní, "Óò! Ó ń mu ún gan-an. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, ọmọ mi." Ojú wọn ń dán. Mi ò tíì rí wọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wa ti kú.

Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé omi náà tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ó ní, "Omi wo, Màámi?"

Mo ní, "Èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ mu. A gbọ́ pọ́ǹpù."

Ó ní, "Rárá o, mi ò mu omi. Mo mu mínírà lọ́nà. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni mo lọ, omi tí mo fi ṣàn án lẹ gbọ́."

Mo ní, "Tánkì omi mímu lò ń lò fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì?"

Ó ní, "Tánkì kan náà ni. Òun ló ń lọ sí síńkì, òun ló ń lọ síbi ìwẹ̀, òun ló ń lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò mọ̀ ni?"

Ta ló fẹ́ mọ̀? Ní ilé wa, omi àmù ò mọ ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́. Màámi gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Wọ́n ní, "Yéè! Mo gbé!" Wọ́n tún un sọ, ohùn wọn lọ sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kì í ṣe ẹkún ariwo. Omi ṣáà ń dà lójú wọn ni, wọn ò nù ún.

Ẹ̀rù ba àbúrò mi. Ó kúnlẹ̀, ó ń wò mí, ó ń wò wọ́n, ó ní kí ló dé, kí lòun ṣe.  Màámi ti ní kí n má sọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ló kù tí mò ń bò? Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ohun tó wà nínú tánkì rẹ̀. Mo sọ ohun tí wọ́n fi omi náà pamọ́ fún, pé òun náà ni mo kán sẹ́nu bàbá wa lọ́jọ́ tí wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo sọ ìdí tí Màámi ò fi mu omi rẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nítorí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Kí n tó parí, ó ti jókòó sílẹ̀ pátápátá nínú yẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀.

Ó ní, "Màámi, tiyín ni ẹ dà sí i? Gbogbo rẹ̀?"

Wọ́n ní, "Gbogbo rẹ̀."

Ó ní, "Kí la wá máa fi... lọ́jọ́ náà... Màámi, kí lẹ ṣẹ́ kù fún ara yín?"

Wọ́n wá nu ojú wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣàlàyé nǹkan fún ọmọ kékeré. Wọ́n ní, "Ìgbà tí mi ò ní ìwọ ni mo ń tọ́jú omi. Bó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ ni, omi kànga oníyọ̀ náà á tó."

 Ó dìde, ó wọ inú ọkọ̀ lọ. A gbọ́ tó ń yí nǹkan kan, ó ní òun ti pa ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, pọ́ǹpù kùn fún ìgbà díẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú kọ́ọ̀bù kan, ó fẹ́ gbé e sẹ́nu lórí ìdúró.

Màámi ní, "Jókòó mu ún. Pe orúkọ Ọlọ́run."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà. Ó ní, "Bísímílà." Ó mu ún tán, kò gbé kọ́ọ̀bù kúrò lẹ́nu. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, a sì ń wò ó.

Màámi ní, "Kí lo ní lọ́kàn tí o fi mu ún?"

Ó ní, "Kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Màámi dìde lórí àga wọn. Wọ́n rìn lọ sídìí ọkọ̀, wọ́n gun àtẹ̀gùn náà láìdi ẹnikẹ́ni mú, wọ́n jókòó tì í.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Bu tèmi wá."